Ohun Tí Anusayabai Sọ àti Ohun Tí Wọ́n Kọ Sábẹ́ Rẹ̀

Kò sí ará Dharavi, àdúgbò ńlá kan nílùú Mumbai ní India, tí kò mọ̀ pé ẹnu Anusayabai Kharat mú bí abẹ. Ọdún tí ọ̀dá dá ní Jalna, tí màlúù ń ṣubú lulẹ̀ lóko, ni òun àti ọkọ rẹ̀ wọ Mumbai. Irà ni wọ́n bá. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń da àfọ́kù bíríkì àti eérú ilé-iṣẹ́ sínú irà náà kó tó di ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tí kò rì. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlú kọ̀ tí wọn ò fún wọn lómi, òun ló ṣíwájú ogójì obìnrin, kálukú pẹ̀lú ìkòkò òfìfo lórí, tí wọ́n lọ jókòó dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọjọ́ kẹrin ni àwọn aláṣẹ tó gbà. Ẹ̀rọ omi mẹ́ta tó kọ́kọ́ dé àdúgbò wọn, ìjókòó yẹn ló bí i.

Ọkọ rẹ̀ kú, ó wá ku òun àti Ujwala, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Pápad ló ń ṣe: á po ìyẹ̀fun ẹ̀wà, á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé, á sá a sórí òrùlé, àwọn onílé oúnjẹ á wá kó o. Iṣẹ́ yìí ló fi rán Ujwala níwèé títí ó fi di tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ náà sì ti lé ní ogójì.

Ìgbà òjò ni òyìnbó aṣefíìmù kan tó ń jẹ́ Ellery dé láti London pẹ̀lú kámẹ́rà àti ògbufọ̀ kan. Ó ní òun fẹ́ ṣe fíìmù nípa àwọn ènìyàn Dharavi gan-an bí wọ́n ṣe wà, kò ní sí òṣèré níbẹ̀, kò ní sí irọ́. Ọmọlúàbí ni lójú. Á bọ́ bàtà kó tó wọlé, á pa ọwọ́ pọ̀ kí Anusayabai. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà nílé wọn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni ìyá sì ń fún wọn ní tíì àti oúnjẹ ọ̀sán, nítorí àlejò ni wọ́n.

Ilé-ìwé ni Ujwala máa ń wà lásìkò tí wọ́n bá ń ya àwòrán. Bó bá dé, ìyá rẹ̀ á ròyìn fún un. Wọ́n ní kí òun fi aṣọ bo fíríìjì. Wọn ò ya yàrá òkè tí wọ́n lẹ táìlì aláwọ̀ òdòdó sí, tí àwọn ìwé Ujwala wà. Ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ tí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé kún àkúnya, ọjọ́ náà ni inú wọn dùn jù. Ìyá bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kí omi má bà á jẹ́, wọ́n sì ya òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú omi dúdú yẹn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ujwala ní ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn ò yé òun. Ìyá rẹ̀ ní bóyá iná rẹ̀ ń tàn jù lójú kámẹ́rà ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ la fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún.

Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé fíìmù yẹn ti gba ẹ̀bùn ńlá nílùú òyìnbó. Àwòrán Anusayabai jáde nínú ìwé ìròyìn, òun pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́ nínú omi. Àdúgbò yọ̀, wọ́n pín ohun dídùn láti ilé dé ilé. Bhimrao, akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, ní Ellery fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fi fíìmù náà hàn wọ́n nínú gbọ̀ngàn wọn ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn oníròyìn àti àwọn òyìnbó kan yóò sì bá a wá.

Lọ́jọ́ náà Anusayabai wọ sárì aláwọ̀ ewé rẹ̀, èyí tó gùn jù, ó sì fi òrùka onílẹ̀kẹ̀ sí imú. Wọ́n fún un ní ṣáàlì, aṣọ ìborùn, àti àgbọn láti fi yẹ́ àlejò sí, ó gbé wọn lé itan. Àwọn òyìnbó jókòó níwájú, ará àdúgbò kún ẹ̀yìn títí dé ojú fèrèsé.

Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni Ujwala ń wò, kì í ṣe àwòrán. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyàwó tuntun. Lára ògiri, ìyá kan náà ń bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ pé, “Sọ fún ọ̀gá rẹ kó jẹun. Wo ọrùn rẹ̀ bí ọrùn lékeléke. Bó bá délé, ìyàwó rẹ̀ á ní ebi la fi pa á.” Gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan fọwọ́ gbá Anusayabai léjìká pé ó káre.

Obìnrin òyìnbó kan tó wà níwájú yíjú padà, ó fi ìka lé ẹnu pé kí wọ́n dákẹ́. Omi wà lójú rẹ̀.

Ó ya Ujwala lẹ́nu. Kí ló ń pa obìnrin yìí lẹ́kún nínú ọ̀rọ̀ ọrùn lékeléke? Ìgbà yẹn ló tó gbé ojú sókè, tó ka Gẹ̀ẹ́sì funfun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ebi ni ọlọ́run wa. A ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ayé láìfẹ́ ohunkóhun.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ti bọ́ sínú omi dúdú, ó ń pariwo mọ́ kámẹ́rà pé, “Ọ̀rọ̀ kánsẹ́lọ̀ ni gọ́tà yìí! Mo ti kìlọ̀ fún un. Bí kò bá tún un ṣe kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni màá ti máa wẹ̀.” Ẹ̀yìn tún rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìsàlẹ̀ ní: Omi ń gbé wa lọ, a ò sì lẹ́ni tí a lè ké pè.

Inú Ujwala bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìyá rẹ̀ lẹ́ni tó ń ké pè, ó dárúkọ ipò rẹ̀, ó sọ ibi tí òun yóò ti bá a. Ohun kan ṣoṣo tí fíìmù yẹn ìbá fi ṣe àdúgbò lóore, kó dójú ti aláṣẹ kan kó lè tún gọ́tà ṣe, òun gan-an ni wọ́n pa rẹ́ tí wọ́n fi ẹkún dípò.

Lẹ́yìn náà ni orin dé. Ìyá rẹ̀ jókòó ti ọlọ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń kọ orin tí àwọn obìnrin ilé wọn fi ń bú ìyá ọkọ: ìyá ọkọ mi lọ sọ́jà, ó ti àpótí òróró pa, kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lábẹ́ irun mi. Àwọn obìnrin ẹ̀yìn gbe orin náà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Níwájú, èjìká àwọn òyìnbó ń gbọ̀n. Ọkùnrin kan dìde, ó bínú kọjú sí wọn pé “Ṣṣṣ!” Nínú gbọ̀ngàn tí ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn kọ́, wọ́n ń pa ará àdúgbò lẹ́nu mọ́ kí àlejò lè ráyè sunkún fún wọn. Ujwala ka ìsàlẹ̀, ó tún un kà.

Fíìmù parí. Àtẹ́wọ́ pọ̀. Ellery mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ọ̀dọ̀ Anusayabai lòun ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ru ẹrù ọ̀fọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ túmọ̀ ọ̀fọ̀ yẹn sí ìpamọ́ra. Anusayabai dìde pẹ̀lú ṣáàlì, Ujwala sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá, ẹ jókòó ná.”

“Kí ló dé? Jẹ́ n fún ọkùnrin náà láṣọ, gbogbo ènìyàn ń wò wá.”

“Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín?”

“Èmi tí n ò mọ̀wé? Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n á kọ. Kí ni wọn ìbá tún kọ?”

Ujwala gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ògbufọ̀. Ó sọ fún ará àdúgbò ní èdè wọn pé òun fẹ́ ka ohun tí àwọn tó wà níwájú ń kà. Nígbà tó ka ti àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń dápàárá ni. Nígbà tó ka èkejì, ẹ̀rín tán. Bhimrao sáré wá bá a, ó rọra sọ sí i létí pé òyìnbó ti ṣèlérí òrùlé tuntun fún gbọ̀ngàn, kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ di ọ̀la. Ujwala kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀kẹta ni kò fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Kà á,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ó kà á: Ọmọbìnrin mi, omi ti gbé ọ lọ. Ta ni yóò tún pè mí ní ìyá?

Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Anusayabai dúró. Ó dà bíi pé kò gbọ́ dáadáa.

“Ọmọ wo ni wọ́n ní mo sọ pé ó kú?”

“Ọmọbìnrin yín, Màmá.”

“Ìwọ ni ọmọbìnrin tí mo ní.”

“Èmi ni.”

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú Ujwala láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó dá ọwọ́ padà sí ẹ̀bátí ara rẹ̀, ó sì ṣẹ́ ìka rẹ̀ títí gbogbo wọn fi ró pàkà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí Ujwala wà ní kékeré tí ènìyàn bá fi ojú burúkú wò ó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ellery. Ó ní kí Ujwala túmọ̀ rẹ̀, kó má fi kún un, kó má sì yọ níbẹ̀.

“O jẹun nínú abọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,” ló wí. “Ṣé o bi mí léèrè ìyà tó jẹ mí? Ìyà jẹ mí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ mí. Eérú tí a fi dí irà yìí ló wọ ọkọ mi láyà, ó wúkọ́ ọdún mẹ́fà kó tó kú. Bí o bá bi mí, ǹ bá sọ fún ọ, ǹ bá tiẹ̀ sunkún. O ò bi mí. Ìyà tèmi ò tó ọ. O lọ rán òmíràn bí aṣọ, o gbé e wọ̀ mí, o sì pa ọmọ mi lójú gbogbo ayé nígbà tó wà ní kíláàsì tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.”

Ujwala túmọ̀ rẹ̀. Kò fo ẹyọ kan. Obìnrin tó fi ìka lé ẹnu lẹ́ẹ̀kan bo ojú.

Ellery pupa bí iná. Ó ní àwọn tó bójú tó ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà ní London, òun ò gbọ́ èdè náà dáadáa. Ó tún ní fíìmù dà bí ewì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ṣe pàtàkì, òtítọ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni òun ń wá.

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni Ujwala wí, “ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá túmọ̀ ‘ẹ jẹun’ sí ‘ebi ni ọlọ́run wa’, òdo ni màá fún un. Ẹ̀yin, ẹ̀bùn ni wọ́n fún yín. Kò sẹ́ni tó ní ìyà ò sí níbí. Ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ìyá mi sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọdé. Ẹ̀yin lẹ ò lè rí wa àfi bí a bá ń sunkún.”

Ellery sọ pé òun tọrọ àforíjì bí ẹnikẹ́ni bá bínú. Anusayabai béèrè ohun tó wí. Nígbà tí Ujwala túmọ̀ rẹ̀, ìyá ní kí ó bi í bóyá ó rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí kò bínú. Lẹ́yìn náà ló ká ṣáàlì, ó kó òun àti àgbọn fún Bhimrao, ó sì jáde. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn ṣófo lẹ́yìn òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bhimrao ò fi kí Ujwala. Òrùlé ò dé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ì bá dé. Ujwala kọ lẹ́tà méjì. Àwọn tó fúnni ní ẹ̀bùn fèsì kíákíá pé àwọn adájọ́ wọn wo fíìmù náà, ó sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ kò kan àwọn. Àwọn tó ni fíìmù fi oṣù mẹ́rin dákẹ́. Nígbà tí lẹ́tà wọn dé, ó ní wọn yóò tún ọ̀rọ̀ orin yẹn kọ nínú èyí tí wọ́n bá ń tà láti ìsinsìnyí lọ. Ìyókù, wọ́n ní ọgbọ́n iṣẹ́ olùdarí ni, àwọn ò lè fọwọ́ kàn án.

Orí òrùlé ni Ujwala ti kà á fún ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń yí pápad padà lójú oòrùn. Anusayabai gbọ́ ọ tán. Ó bi í pé ìlú mélòó ni wọ́n ti fi hàn. Ujwala ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogójì.

“Àwọn tó ti sunkún ńkọ́?” ni ìyá wí. “Ta ni yóò lọ bá wọn nílé pé ọmọ mi ò kú?”

Ujwala ká lẹ́tà náà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì nínú yàrá òkè tí kámẹ́rà ò wọ̀ rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kẹta sí àwọn tó ni fíìmù. Inú ń bí i débi pé ó ya ìwé mẹ́ta kó tó rí èyí tó lè fi ránṣẹ́. Títí di òní, wọn ò tíì fèsì.