Ìdúró Kò Tíì Mọ́ Mi Lára

Ṣọ́ọ̀bù kẹsàn-án ni mo ti purọ́. Ní mẹ́jọ àkọ́kọ́, òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ náà ló sì ń lé mi jáde. Màá wọlé, màá kí wọn dáadáa, màá ní iṣẹ́ ni mo ń wá. Wọn á wò mí látòkè délẹ̀, wọn á ní, "Níbo lo ti ṣiṣẹ́ rí?" Tí mo bá ti lè sọ pé ilé ni mo ti ń dirun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní irun ẹbí kọ́ làwọn ń dì níbẹ̀. Òmíràn ní kí n lọ ṣiṣẹ́ níbì kan ná kí n tó wá. Mo bi í pé níbo. Ó ní ìyẹn ò kan òun.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò nílùú yẹn, ẹsẹ̀ mi ò sì lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá dijú báyìí, mo ṣì lè to àwọn ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́sẹẹsẹ: onílẹ̀kùn pupa, èyí tó wà lókè oníbúrẹ́dì, èyí tí omi ń jò látòrùlé sínú ike, èyí tí ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹun tí kò gbójú sókè títí mo fi jáde.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo, èmi, àwọn, àti ọmọbìnrin wọn kékeré. Ọkọ wọn ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, a kì í sábà rí i. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán àpò ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, àwọn àpò ńláńlá tí wọ́n ń kó ọkà sí. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, fọ́nrán àpò á wà nínú irun ìpéǹpéjú wọn, wọn á máa wúkọ́ títí wọn á fi fọ ojú. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ni wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ fún mi.

"Oṣù kan ni mo fún ẹ. Tó bá parí tó ò ríṣẹ́ onídìrí tó o ní o fẹ́ yìí, wàá tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ti bá alámòójútó wa sọ̀rọ̀. Ó ti fi ìdí ẹ̀rọ kan sílẹ̀ dè ẹ́."

Wọn ò fi ìkà sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti le. Ká ní wọ́n ń bú mi ni, ǹ bá bínú, ǹ bá sì sùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ bẹ ẹlòmíì nítorí tèmi, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Tí mo bá ti jókòó díẹ̀, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bẹ́ẹ̀dì á máa mì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Màámi, Àǹtí tún ti ń wa mọ́tò." Màá dìde, màá lọ sẹ́nu ọ̀nà, màá padà wá ṣí fèrèsé, màá tún tì í.

"Ṣé èèrà wà lára ẹ ni?" ẹ̀gbọ́n mi á bi mí.

"Rárá o."

"Jókòó nígbà yẹn. Yàrá la wà, kì í ṣe pápá."

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dirun. Mo di irun ìyá wa, mo di ti ẹ̀gbọ́n mi, mo di ti aládùúgbò àti tọmọ aládùúgbò. Èmi á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí mo fẹ́ di irun fún á jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, èjìká rẹ̀ á wà láàárín orúnkún mi. Tí mo bá fẹ́ kí orí yà sápá kan, orúnkún ni mo fi ń tì í. A ó máa sọ̀rọ̀, a ó máa ṣẹ̀fẹ̀, ọwọ́ mi ò ní dúró. Àsìkò yẹn nìkan lara mi máa ń rọlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí oṣù parí nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù kẹsàn-án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ìyá Onídíńgí ni wọ́n ń pe ọ̀gá ibẹ̀, torí díńgí méje ló wà lára ògiri, kò síbi téèyàn á yà sí tí kò ní rí ara rẹ̀. Wọ́n béèrè ìbéèrè tí gbogbo wọn ń béèrè. Mo ní mo ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú mìíràn, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Mo tiẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù náà lórúkọ. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ń rìn lọ rìn bọ̀, mò ń fọwọ́ kan rólà, mò ń wo àwòrán orí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí n má baà wo ojú wọn.

Ìyá Onídíńgí wo ẹsẹ̀ mi. "Wá ní Sátidé, agogo mẹ́jọ. Ọwọ́ ẹ ni mo fẹ́ rí, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹnu ẹ mọ́."

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní, "Kí lo sọ fún wọn tí wọ́n fi ní kó o wá?"

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe ni."

"Ìyẹn nìkan?"

Mo gbé korobá, mo lọ pọnmi. Bẹ́ẹ̀, omi ti kún inú kẹ̀ǹgbẹ̀ wa dẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, agogo méje ò tíì lù tí mo ti dé àdúgbò náà. Mo yí òpópónà yẹn po lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kẹta, bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe bi mí pé, "Ọmọ yìí, kí lo sọ nù?" Nígbà kẹrin, ó kàn mi orí.

Òṣìṣẹ́ àgbà ṣọ́ọ̀bù náà ni Òpéléńgé, ọmọbìnrin tínrín kan tí ẹnu rẹ̀ mú. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Ìwọ lo ṣiṣẹ́ ọdún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dírayà wo lẹ̀ ń lò níbẹ̀, èyí tó ń dúró ni àbí èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú?"

"Méjèèjì."

"Háà. Ẹ rí já jẹ."

Oníbàárà tí wọ́n fún mi jẹ́ tíṣà, obìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ki bí ewéko ẹ̀gbẹ́ odò. Ó fẹ́ ṣùkú, kí gbogbo irun gòkè kó parí sí àárín orí, agogo kan ọ̀sán sì ni ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ máa gbéra. Ó jókòó sórí àga, wọ́n fi aṣọ ìnura bo èjìká rẹ̀, mo sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òòyà.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé n kò dúró dirun rí láyé mi.

Orí náà wà lọ́ọ̀ọ́kán àyà mi, kò sí ohun tó dì í mú. Tí tíṣà bá wo díńgí, orí á tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Tó bá gbúròó mọ́tò níta, orí á yí. Apá ń ro mí, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ìgbọ̀nwọ́ mi lé. Mo la ìlà kìíní, ó wọ́. Mo tú u ká. Mo tún un là, ó wọ́ sápá kejì. Ni ẹsẹ̀ mi bá bẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀. Mo lọ sọ́tùn-ún, mo bọ̀ sósì, mo tún lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí," tíṣà sọ fún mi láti inú díńgí, "ò ń yí mi po bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà."

"Ọ̀nà oko ló ń là, Mà," Òpéléńgé dáhùn. "Ẹ ní sùúrù, a máa débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ìyá Onídíńgí fi rólà tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n wo orí tíṣà, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi.

"Ṣọ́ọ̀bù tó o ti ṣiṣẹ́ yẹn, ṣé wọn ò ní àga ni?"

Mo gbé ojú sókè, mo rí ara mi nínú díńgí méjèèje, mo mú òòyà dání bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

"Mi ò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rí, Mà. Ilé ni mo ti ń dirun. Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, èmi náà á sì jókòó."



"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," Ìyá Onídíńgí sọ. "Ẹni tó bá dúró ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, tó bá wọ ibikíbi, àga ló máa kọ́kọ́ wá. Ìwọ ń rìn káàkiri bí ẹni tí ẹsẹ̀ kì í dùn."

"Ẹ wá ní kí n wá, Mà?"

"Mo rò pé bóyá ọwọ́ ẹ mọ nǹkan kan ni. Gbé òòyà yẹn sílẹ̀."

Mo ronú kan ilé iṣẹ́ alápò, mo ronú kan fọ́nrán inú ìpéǹpéjú ẹ̀gbọ́n mi. N kò gbé òòyà náà sílẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n jókòó."

"Kó o jókòó síbo?"

Mo nawọ́ sí àga tí tíṣà wà. Òpéléńgé patẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Onídíńgí fúnra wọn kì í jókòó lórí àga oníbàárà.

"Kí oníbàárà wá jókòó síbo? Sórí itan mi?"

Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ ibi ìfọrí, òun ni wọ́n ń jókòó lé tí wọ́n bá ń fọ aṣọ ìnura. Mo nawọ́ sí ìyẹn náà.

"Ó fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ẹ̀yìnkùlé," Ìyá Onídíńgí sọ, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà wo aago ara ògiri. Agogo mẹ́wàá ti kọjá. "Ta ló tún wà nílẹ̀ tó lè ṣe é fún mi?"

Kò sí. Òpéléńgé ti fi oògùn tó ń mú irun nà sórí ẹnì kan, kò ṣe é fi sílẹ̀. Ọ̀gá alára ní orí méjì nílẹ̀. Tíṣà mí kanlẹ̀, ó dìde.

"Gbé àpótí yẹn wá. Tó bá tún wọ́, màá mú ẹ dání wọ ọkọ̀ ojú irin, kó o lọ ṣàlàyé fún àwọn tí mò ń lọ bá."

Mo jókòó. Ó jókòó síwájú mi, èjìká rẹ̀ bọ́ sáàárín orúnkún mi, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan pa ẹ̀rọ kan nínú mi. Mo la ìlà àkọ́kọ́ láti iwájú lọ sókè, ó gún. Mo fi orúnkún ti orí rẹ̀ díẹ̀, ó yà láìjanpata. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù, mo so irun tó kẹ́yìn. Tíṣà gbé díńgí kékeré sẹ́yìn orí, ó fi ìka tọ ìlà kan láti ìpìlẹ̀ dópin, ó ní, "Ó gún," ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Onídíńgí ká rólà tán sórí oníbàárà wọn, wọ́n nu ọwọ́.

"Ọwọ́ ẹ dáa ju ti gbogbo wa níbí lọ. Òpéléńgé, má wò mí bẹ́ẹ̀, ìwọ náà rí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa gbé àwọn oníbàárà mi kalẹ̀ sórí àpótí. Lọ́jọ́ Ajé, wá. Orí ni wàá máa fọ̀, ní ìdúró, fún oṣù mẹ́ta. Tí ìdúró bá ti mọ́ ẹ lára, a ó wá sọ ti irun dídì."

"Irọ́ tí mo pa ńkọ́, Mà?" Ẹnu mi ni kò gbọ́.

"Máa lọ sílé kí n tó rántí ẹ̀."

Mo sáré délé. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi máa dì mọ́ mi. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Orí fífọ̀."

"Fún oṣù mẹ́ta péré ni."

"Alámòójútó wa ti lé ọmọ ẹlòmíì padà sílé torí ìdí ẹ̀rọ yẹn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Kí ni kí n wí fún un?"

N kò rò ó débẹ̀ rí. Gbogbo bí mo ti ń rìn kiri lóṣù yẹn, ẹsẹ̀ ara mi nìkan ni mo ń wò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé àga wa kan ṣoṣo sáàárín yàrá, wọ́n jókòó lé e, wọ́n tú irun wọn ká.

"Ó yá. Dúró sẹ́yìn mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, á wọ́."

"Kó wọ́. Orí ta ni?"

Odindi wákàtí mẹ́ta ni. Tí mo bá fẹ́ kí orí wọn yà, orúnkún mi á lọ gbá ẹ̀yìn àga. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo parí, ọmọ wọn yí ìyá rẹ̀ po, ó ní, "Ó dà bíi ká fi igi ya ejò sílẹ̀." Mo fẹ́ tú u. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo na síkáàfù sí wọn. "Ẹ fi nǹkan bò ó."

"Bò ó kẹ̀? Alámòójútó wa máa bi mí pé ibo lo wà. Màá kọ ẹ̀yìn orí sí i, kó wo ibi tó o wà."

A jọ rìn dé oríta. Wọ́n yà sọ́nà ilé iṣẹ́ alápò, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Mo rí àwọn ìlà wíwọ́ yẹn ní ìpàkọ́ wọn, wọ́n hàn kedere nínú oòrùn. Obìnrin kan fọwọ́ kan èjìká wọn, ó nawọ́ sí orí wọn, ó bi wọ́n ní nǹkan kan. N kò gbọ́ èsì wọn. Mo kàn rí i tí wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ka sẹ́yìn, síbi tí mo wà, láìbojú wẹ̀yìn, tí obìnrin náà sì yíjú wá láti mọ ẹni tí í ṣe. Aago ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn dún, gbogbo wọn sáré, èmi náà gba ọ̀nà tèmi, mo sáré.