Ìka Méjì

Ẹ́ńjìnnì náà ń fì lókè lórí ṣéènì, bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà sì na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ. "Rọra," ni ó ń sọ. "Rọra sọ ọ́ kalẹ̀." Mẹkáníìkì tó wá ràn án lọ́wọ́ ń tú ṣéènì náà díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì fi wọ inú egungun ọkọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Ó jókòó. Kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì.

"O rí i?" ni bàbá wí. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Ọdún méjì ló ti ń jó irin mọ́ irin nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé yìí. Ọkọ̀ asáré ni ó ń ṣe, tí imú rẹ̀ gùn, tí ìdí rẹ̀ kúrú, tó ní ìjókòó méjì péré. Kò tíì ní ara. Egungun àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ẹni tó bá gbọ́ pé káfíńtà ń ṣe ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi kan ilẹ̀kùn, àpótí àti ibùsùn fún àwọn ẹlòmíràn, ohun tí kì í kúrò níbi tí a bá gbé e sí ni gbogbo wọn. Ó wù ú kó ṣe ẹyọ ohun kan tí yóò gbéra nílẹ̀.

Gádígádí ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí ilẹ̀kùn tó bá kàn, ìmọ́lẹ̀ kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ohun tó bá ti há, tí kò fì, òun ló ń pè ní iṣẹ́. Kódà ó máa ń fi ara rẹ̀ yangàn pé kóòtù tí òun wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ṣì bá òun mu régí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé yàrá ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ni yàrá náà. Oṣù mẹ́ta péré ló tọrọ. Ó ti di ọdún méjì báyìí tí obìnrin náà ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìgúnpá rẹ̀ ń ha ògiri, tí ẹni tó bá fẹ́ lọ wẹ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀rọ̀ náà di ìjà, káfíńtà sì fi ìbínú sọ pé bí ẹ́ńjìnnì kò bá wọlé, tí ọkọ̀ kò sì jáde ní yàrá títí di Sátidé, kí àwọn onírin àlòkù wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Obìnrin náà kàn ránṣẹ́ pè wọ́n ni. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀, òní sì ni Sátidé.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ ki ìka bọ àárín ẹ́ńjìnnì àti irin. Ìka kò wọlé. Ó gbìyànjú apá kejì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ó há jù."

"Bó ṣe yẹ kó há nìyẹn."

Mẹkáníìkì ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kì í ṣe pákó. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń gbọ̀n. Ìdí nìyí tó fi ń jókòó lórí rọ́bà. Bí wọ́n bá tan eléyìí báyìí, yóò máa gbá irin lọ́tùn-ún lósì, kó sì tó di ọ̀sẹ̀ kan, ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ yóò ti là. Àfi kí wọ́n gé irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n jó òmíràn síta díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnnì kò dọ́gba, ó yọ níhìn-ín, ó wọnú lọ́hùn-ún. Ta ni yóò sọ ibi tí wọn yóò gé e dé? Bí wọ́n bá ṣì í gé, gbogbo ọkọ̀ náà ni yóò wọ́.

Bàbá jókòó lórí àpótí irinṣẹ́. Aago méjìlá ti kọjá. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra, nítorí ohun tó fi ń ṣògo gan-an ló bà á jẹ́. "Má gé nǹkan kan," ni ó wí níkẹyìn. "Jẹ́ kí wọ́n máa kó o lọ."

Wọn kò mọ ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù lọ́rùn. Bàbá ń retí kó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Dípò ìyẹn, ó wọlé, ó sì béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń gbọ̀n tó. Mẹkáníìkì ní bó bá rí àyè ìka méjì yíká, ó ti tó o.

Obìnrin náà ní kí wọ́n tún gbé e sókè. Ó tẹ́ páálí ńlá kan sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe máa ń wọn oníbàárà: èjìká, àyà, ìbàdí. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí páálí náà.

"Ìyá Ìbejì, irin lèyí o. Kì í ṣe aṣọ."

"Eku tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, Bàbá Ìbejì, kì í yí padà nínú ìtẹ́ ẹ̀ ni?"

Mẹkáníìkì yára kọjú sí ògiri. Obìnrin náà mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé páálí náà lọ, kò gbójú sókè.

"Kóòtù ìgbéyàwó yín, ẹ̀yin lẹ ní kó há mọ́ yín lára. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo wá pa aṣọ ìka méjì mọ́ sínú lọ́tùn-ún, mo pa ìka méjì mọ́ lósì. Bí ikùn yín ṣe ń yọ ni mò ń tú u díẹ̀díẹ̀. Àbí ẹ rò pé ẹ ò sanra ni?"

Bàbá wo ikùn ara rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó dìde, ó sì bá a di etí páálí náà mú.

Wọ́n tẹ́ páálí lé irin, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ìlà sí i, mẹkáníìkì gé e, bàbá jó o. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe wàdùwàdù, obìnrin náà á ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìka méjì wọlé yíká. Wọ́n so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n bu epo díẹ̀ sí i. Ìgbà kẹta tí wọ́n tan án ni ó tó ṣiṣẹ́. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, kò sì kan ibì kankan. Omi bọ́ lójú bàbá, kò nù ún. Wọ́n pa á, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ńlá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti ọkọ̀ náà jáde sínú oòrùn.

Àwọn onírin àlòkù dé ní aago mẹ́rin. Irin tí wọ́n gé kúrò nìkan ni wọ́n bá. Wọ́n béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí bàbá wẹ̀ tán, ó rí kóòtù náà níbi tó gbé e kọ́ sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì fi ìka wá aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ pa mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún rí ló bá, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń lọ síta. Etí aṣọ gan-an ni èyí tó kẹ́yìn wà. Kò sí aṣọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tú.

Ó dá kóòtù náà padà sí ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí obìnrin náà ti tún jókòó ti ẹ̀rọ, ìgúnpá rẹ̀ lára ògiri, ó sì di igun tábìlì náà mú.

"Dìde díẹ̀. Ibo lo fẹ́ kí á gbé e sí?"

Obìnrin náà wò ó. "Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé," ni ó wí, ó sì di igun kejì mú.

Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kan ẹnu ọ̀nà náà, ó sì há. Ó sún sẹ́yìn, ó mú ìgúnpá rẹ̀ mọ́ra, ó sì dúró kí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá.