Ọmọ Tó Ń Sùn Nídìí Òòlù

Bí Sàlàhúdíìnì bá bá ènìyàn jà, àwọn ará Ìtòkú a ní kí olúwa rẹ̀ máa lọ sílé, pé ọjọ́ ikú ni ìjà náà máa parí. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti fi ìwé sílẹ̀, nítorí tísà kan tó pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Tísà ọ̀hún ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn kọjá lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tí Sàlàhúdíìnì ti ń lu aṣọ báyìí, Sàlàhúdíìnì kò sì kí i rí.

Ṣùgbọ́n ìbínú kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ummulkulthum, ọmọ kan ṣoṣo tí Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ bí fún un, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó yé ènìyàn. Bó bá fẹ́ nǹkan, a fa ìyá rẹ̀ láṣọ lọ síbẹ̀. Bí ìyá kò bá tètè mọ ohun tó fẹ́, a dùbúlẹ̀ gbalaja, a figbe ta.

Kò síbi tí wọn kò gbé e dé. Alfa kan ní Kemta fọ wàláà tó kọ àyà Kùránì sí, ọmọ mu omi hàntú náà títí inú rẹ̀ fi ń kùn. Ìyá àgbà kan ní okùn ahọ́n ló dè é. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe ahọ́n. Ẹlòmíràn ní àjẹkù ayékòótọ́ ni kí wọ́n wá. Sàlàhúdíìnì wọ ọkọ̀ dé Ọ̀fàdà, sílé ọkùnrin kan tó ń sin ẹyẹ náà, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní àgbàdo tí ẹyẹ ti ṣá. Ọmọ jẹ àgbàdo, ó tún na ọwọ́ pé òun fẹ́ sí i. Ẹyẹ nìkan ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà: ó bú wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti sọ ohun mìíràn, òun sì ni ẹni tí Sàlàhúdíìnì kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀: Fàòsíyà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ adití níwèé. Lọ́jọ́ Iléyá kan, nígbà tí Ummu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, Fàòsíyà dúró lẹ́yìn ọmọ, ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ kò wẹ̀yìn. Ó fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Ọmọ kò wẹ̀yìn.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ yẹ etí rẹ̀ wò."

"Etí ta ni? Ọmọ tó ń sùn fọnfọn nídìí òòlù tí mo fi ń lu aṣọ, tí ariwo ti mọ́ lára! Fàòsíyà, ìwọ ò bímọ, o wá ń fẹnu ba tèmi jẹ́. Má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Gbogbo ẹbí ló gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí Fàòsíyà bá fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, ajá àdúgbò ni wọ́n ń gbé e fún.

Iṣẹ́ Sàlàhúdíìnì ni kó máa fi òòlù igi lu àdìrẹ tí wọ́n ti fi sítáàṣì sí, títí aṣọ yóò fi máa dán. Ariwo rẹ̀ a máa mi ògiri. Àwọn ìyá a tẹ́ ọmọ wọn sórí òkìtì aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ a ké títí, kí ó tó di pé ó mọ́ wọn lára. Ọmọ tó bá tètè dákẹ́, wọ́n a ní ọmọ aláṣọ gidi ni. Kò sí ọmọ tí wọ́n yìn tó Ummu.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú wọn, wọ́n gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ. Wọ́n tò títí, iná kò sí, àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà wá, dókítà kò wá. Nígbà tí wọ́n wá rí dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan ni, ojú òun náà ti wọ inú.

"Níbo lọmọ máa ń wà lọ́sàn-án?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ibi tí mo ti ń lu aṣọ ló ń sùn."

"Ariwo ò jí i?"

"Kì í jí i," ni Sàlàhúdíìnì wí, ó na àyà. "Kò ké rí. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gbé e débẹ̀ gan-an..."

Ọmọ wo ni ariwo òòlù ń mọ́ lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ó wo Bùsírátù. Bùsírátù ti dorí kodò, ó ń tún gèlè ọmọ tí kò tú wé.

Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ etí náà wò. Díẹ̀ báyìí ni etí méjèèjì ń gbọ́.

"A máa wá ẹ̀rọ etí fún un," ni dókítà wí, "àmọ́ ẹ má jókòó dè é. Ọmọ ti pẹ́ láìní èdè. Tísà kan wà ní Ìbarà, ọwọ́ àti ẹnu ló fi ń kọ́ wọn. Áńtí Fàòsíyà ni wọ́n..."

"Ẹ wá ẹlòmíràn fún wa."

"Bàbá, èmi ò mọ ẹlòmíràn tó ń gba ọmọ tó kéré tó báyìí."

Níta, Sàlàhúdíìnì ní ilé ni àwọn ń lọ. Bùsírátù pọn ọmọ, ó so ọ̀já le.

"Bàbá Ummu, mo ti bá yín ja ìjà yín tó. Ẹran táa gbé fún ajá, èmi ni mo gbé e, ó sì ń dùn mí. Ìbarà lèmi ń lọ."

"O fẹ́ lọ máa bẹ̀ ẹ́?"

"Ọmọ ni mo fẹ́ gbé lọ. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ máa kà mí mọ́ àwọn ọ̀tá yín. Wọ́n ti pọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Sàlàhúdíìnì dúró lójú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí aṣọ tó mu aró. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbéra, ó wọ inú rẹ̀ tì wọ́n, ó kọjú síta.

Nígbà tí wọ́n dé Ìbarà, Fàòsíyà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé. Ó rí wọn, ó dúró díẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ bí ó ti ń kúnlẹ̀ fún òbí gbogbo.

"Ẹ káàsán, sà."

Sà, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá! Ó dun Sàlàhúdíìnì ju èébú lọ.

"Dókítà ló ní ká wá. Mi ò wá bẹ̀ ọ́ o."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí. Àmọ́ èmi kì í gba ọmọ nìkan. Bàbá àti ìyá máa wá jókòó kọ́ èdè ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀."

"Kí èmi wá iléèwé? Èmi yìí?"

"Ẹ̀yin yìí. Bó bá kọ́ ọ̀rọ̀ níbí, tó dé ilé tí ò yé bàbá rẹ̀, ta ló máa bá sọ ọ́? Àbí ẹ fẹ́ máa bá òun náà yodì ni?"

Bùsírátù wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Sàlàhúdíìnì wo ẹnubodè. Ó wo ọmọ tó ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń là, tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Ó fa àga ọmọdé kan, ó jókòó. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀?" ni Fàòsíyà bi í.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí òòlù ti sọ di líle.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé ó ti rẹ ènìyàn?"

Fàòsíyà gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó jẹ́ kí wọ́n rọ̀ wálẹ̀. Sàlàhúdíìnì ṣe é. Ó le gbagidi, bí ẹni tó fẹ́ ti ènìyàn ṣubú. Ummu sún mọ́ wọn, ó ń wo ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí èjìká sọ̀ kalẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ wò mí."

Inú ṣì ń bí Sàlàhúdíìnì sí i. Ṣùgbọ́n ó wò ó, ó tún gbé ọwọ́ lé àyà.