Ariwo Tí Wọ́n Ní Àwọn Gbọ́

"Kí lẹ̀ ń sọ kí n tó dé?"

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé pọ́ǹpù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn: Tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, aránṣọ tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ omi, àti onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà. Láti òkèèrè ló ti rí i tí ẹnu wọn ń lọ wuyẹwuyẹ, tí Tíṣà ń nàka sí ilé pọ́ǹpù. Bó ṣe yọ sí wọn báyìí, ẹnu gbogbo wọn pa dé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni alága wí. Ó tún fi nǹkan kan tì í, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì débì kan.

"Mo ní kí lẹ̀ ń sọ?"

Tíṣà ló gbẹnu wọn sọ. Ó wojú rẹ̀ kòrókòró, ó sì gbóhùn sókè bí ìgbà tó ṣì ń kọ́ ọmọ ogójì nínú kíláàsì kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ń ké. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń dún ko-ko-ko nísàlẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì wọlé lọ bá ẹ́ńjìnnì náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró tì í, ó dẹtí, ó yí i po. Ìró rẹ̀ ń lọ geere, ó rọlẹ̀, kò ta ko ara rẹ̀ níbì kankan. Ká sòótọ́, kò tíì dún jẹ́jẹ́ tó báyìí rí láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sóhun tó ń ké níbẹ̀," ló wí nígbà tó jáde.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ìwò yẹn ló dùn ún ju ọ̀rọ̀ lọ. Láti bí oṣù mélòó kan ló ti ń ṣàkíyèsí rẹ̀: ibikíbi táwọn èèyàn bá ti ń tàkúrọ̀sọ, tóun bá ti dé, ohùn wọn á wálẹ̀. Ìfura sì loògùn àgbà.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń ṣe fọ́ńté lásán. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú ẹ́ńjìnnì ní iléeṣẹ́ omi nílùú ńlá kó tó kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ padà wá sí abúlé. Wọ́n máa ń sọ pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá lójú títì, kò ní gbójú sókè tí yóò fi sọ ohun tó máa bàjẹ́ lára rẹ̀ kọ́dún tó parí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi abúlé kú, tí gbogbo ilé padà sídìí kànga àti ọ̀nà odò, òun ló jí i dìde. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù ti wà lára bẹ́líìtì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún un, kò sì bèèrè. Iṣẹ́ náà ló ń jí i láàárọ̀, tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun ṣì wúlò.

Tó bá ti tan ẹ́ńjìnnì tán, ó di orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tóun àti Tíṣà ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú dọ̀sán. Ẹgbẹ́ tí òun ń bá lọ kọ́ ni Tíṣà ń bá lọ. Ìdìbò káńsẹ́lọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí ẹgbẹ́ Tíṣà fà kalẹ̀ sì ti ṣèlérí pọ́ǹpù tuntun, pé òun á ju àlòkù tó wà níbẹ̀ sórí ààtàn. Wọ́n ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní báyìí, Tíṣà ní ẹ́ńjìnnì ń ké. Ìpàdé gbogbo abúlé sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lórí ọ̀rọ̀ omi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ti kà á dé mẹ́wàá kó tó délé.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ìyàwó rẹ̀ tó ń fọṣọ. Rédíò rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá. Ó yí i sókè.

"Ta ló tún yí rédíò mi sílẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ kọ̀yìn sí i. Ó rí i tí orí rẹ̀ ń mì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé ara rẹ?"

Obìnrin náà yíjú padà, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá wọn, mi ò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Igbe ni mò ń ké. Àwọn ará ilé kejì ti gbọ́, ẹ̀yin nìkan ló kù."

"Gbọ́ kí ni?"

"Mo ní ọmọ yín obìnrin tún pè. Ó ní òun bi yín lánàá pé kí lẹ fẹ́ kóun rà bọ̀, ẹ ní ó dáa, ẹ sì pa fóònù."

"Fóònù yẹn ló ti gbó." Ó fà sún mọ́ ọn. "Ìwọ náà, ṣé o gbọ́ ariwo kankan lára ẹ́ńjìnnì?"

Ó wo ọkọ rẹ̀ pẹ́. "Mo gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ pọnmi ni mò ń gbọ́ ọ."

"Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Etí mi ni."

Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀, ó sì tún sọ nǹkan kan tí ọkùnrin náà ò gbọ́, kò sì bèèrè. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé náà sì rèé, obìnrin tó ti bá a gbé fún ogójì ọdún ń fún ṣòkòtò rẹ̀ níbẹ̀. Tíṣà ti rà á, ló ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Kò mọ iye tó rà á, àmọ́ ó ti rà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mú ìwé kan, ó kọ ẹ̀sùn Tíṣà sí i, ojú ewé méjì gbáko. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ń purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì aláìṣẹ̀ torí ìdìbò. Ó kọ ọ́ pé ó ń kó àwọn èèyàn jọ lẹ́yìn òun, pé kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù ló ń wá. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó tún un kà, inú rẹ̀ ò sì dùn rárá. Ọdún mọ́kànlá lòun àti Tíṣà ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Tíṣà ló ń wá ka ìwé ìròyìn sí i létí, títí kan àwọn tó ń bú ẹgbẹ́ Tíṣà fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ká ìwé náà sápò.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ìpàdé. Ní aago méjì, ó gba ilé pọ́ǹpù lọ. Ó fẹ́ búra níwájú abúlé pé ẹ́ńjìnnì òun ò ní àrùn, òun kì í sì í ṣe ẹni tó ń búra lórí ohun tí òun ò tíì yẹ̀ wò. Ó ki irin tí wọ́n fi ń tan án bọ ojú rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó dẹtí sí i. Jẹ́jẹ́ náà ni.

Ó wá mú súkúdíráfà rẹ̀ tó gùn jù. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́ ọ ní èyí náà: tó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, fi ẹnu súkúdíráfà kàn án níkùn, kó o gbé èèkù rẹ̀ lé egungun ẹ̀yìn etí, egungun á gbé ìró náà wọlé fún ọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ṣe é kẹ́yìn, torí kò rí ìdí tó fi yẹ kó ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kàn án nísàlẹ̀, ó gbé orí lé e.

Ko. Ko. Ko. Ko.

Ó mú orí kúrò. Jẹ́jẹ́. Ó dá a padà. Ko-ko-ko, ó ń lù ú nínú agbárí bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Súkúdíráfà náà ló kọ́kọ́ fura sí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èèkù rẹ̀ ń mì. Ó mú òmíràn, ó tún mú irin ọ̀pá kan. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn sọ. Ó wá pa ẹ́ńjìnnì, ó mú sípánà tó wúwo, ó sì fi gbogbo agbára lu àgbá dísẹ̀lì tó ṣófo. Ó rí i tí àgbá náà gbọ̀n. Ohun tó gbọ́ kò ju ìgbà téèyàn fọwọ́ lu ìrọ̀rí lọ.

Ó jókòó sórí àgbá náà. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Gbogbo ẹnu tó ti rí tó ń lọ wuyẹwuyẹ láti oṣù mélòó kan ń padà bọ̀ wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan: ti alága, ti onígbàjámọ̀, ti ìyàwó rẹ̀ nídìí aṣọ. Wọn ò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rárá. Ìtìjú sì gorí ẹ̀rù. Ta ló máa fi ẹ́ńjìnnì sọ́wọ́ adití? Bó bá sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí kò bá sọ ọ́, bẹ́árìn ìsàlẹ̀ tó ń ké yẹn, irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀, á jẹ tán, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, kò ní yí mọ́, omi abúlé á dáwọ́ dúró, Tíṣà ni wọ́n á sì máa wò bí ẹni tó ṣépè fún un.

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù, ó sì gba ọ̀nà ìpàdé lọ.

Kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, àwọn àgbà há sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá Ẹ́ńjìnnì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó ń he ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà dìde. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó nàka sí i lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn sì ń mi orí. Ìfura àtijọ́ tún gbérí, ó gbóná lọ́kàn rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìwé tó wà lápò rẹ̀. Alága wá juwọ́ sí i pé ó kàn án.

Ó dìde. Kò yọ ìwé náà.

"Tíṣà ò purọ́," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì náà ń ké. Bẹ́árìn ìsàlẹ̀ ló ti jẹ. Mo ti pa á, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan án títí màá fi tú u." Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Èmi ni mi ò gbọ́. Etí mi ti lọ. Ohun tẹ́ ẹ sọ nínú ilé yìí nírọ̀lẹ́ yìí, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ, mo sì ti ń rò ó pé ńṣe lẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ẹ má bínú."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lára bẹ́líìtì, ó gbé e sórí tábìlì alága, ó sì jókòó.

Ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ fi etí ìborùn nu ojú lọ́hùn-ún. Alága mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó wá bá a níbi tó jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ ká gbé e fún? Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ sọ irú bẹ́árìn tẹ́ ẹ fẹ́, a máa wá a."

Nígbà tí wọ́n túká, Tíṣà wá jókòó tì í. Bàbá Ẹ́ńjìnnì yíjú sí i.

"Kí lo sọ fún wọn nípa mi?"

"Mo ní bí wọ́n bá gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín, kí wọ́n má pe èmi sípàdé mọ́."

"Ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́? Pọ́ǹpù tuntun tí wọ́n ṣèlérí?"

Tíṣà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú, tó sì tún ṣàánú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún, lórí bẹ́ǹṣì."

"Kí ni mo wá sọ?"

"Ẹ ní ẹgbẹ́ wa ò ní wọlé."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ṣírò rẹ̀. Oṣù márùn-ún. Oṣù márùn-ún gbáko ló ti fi ń bá ọkùnrin tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ jà. "Kí ló dé tí o ò tún un sọ?"

"Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, mo rò pé ìjà náà lẹ fẹ́, mo bá ń bá yín jà lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún náà sì ń bọ̀, kò mọ èyí tí ì bá jẹ́ kó ṣíwájú. Ó fa ìwé ẹ̀sùn yọ lápò, ó fà á ya sí wẹ́wẹ́, Tíṣà ò sì bi í pé kí ni.

"Lọ́la, màá tú ìsàlẹ̀ rẹ̀," ló wí. "Tí mo bá ń tú u, súkúdíráfà á sọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ fún mi. Àmọ́ mi ò lè gbé orí lé e láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìwọ lo wà lórí bẹ́ǹṣì, ìwọ ni wàá máa bá mi gbọ́ ọ. Bó bá ti ń ké, wá sọ fún mi."

Tíṣà sọ nǹkan kan. Bàbá Ẹ́ńjìnnì mi orí pé òun ò gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

"Mo ní, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

Ó rò ó wò, torí ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré.

"Ó di dandan fún mi," ló dáhùn.