Kàlẹ́ńdà Ọdún Tí Kò Ní Dé

Ojú Fọlọ́runṣọ́ ni Morọ́láyọ̀ wò nígbà tó wọlé, kò tilẹ̀ rí àpò ìwé tó há sí abíyá. Ojú yẹn tó máa ń yọ́ ọ lọ́kàn bí òrí, àmọ́ lọ́sàn-án Sátidé yìí, ìbẹ̀rù ló bá a dé.

"Ẹ káàsán, Bàbá." Fọlọ́runṣọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Pásítọ̀ Bámilóyè, bàbá Morọ́láyọ̀, kò ní kó dìde. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá lóṣù Karùn-ún ló ti ń wàásù fún ìjọ rẹ̀ ní Bárígà pé Jésù yóò dé kí ọdún 1999 yìí tó parí. Kò sí ìgbéyàwó mọ́ nínú ìjọ òun. Ó sì ti kìlọ̀: bí Fọlọ́runṣọ́ bá tún dá ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀, kò ní tẹ ilé òun mọ́ láéláé.

"Kí lẹ fẹ́ fi aṣọ ìyàwó ṣe nígbà tí fèrè bá dún?" Pásítọ̀ bi í.

"Bàbá, Jésù ní ìran ìgbà ayé Òun kò ní kọjá lọ kí gbogbo rẹ̀ tó ṣẹ. Àwọn tó dúró níwájú Rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó kú tán, àwọn ará Róòmù ti wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù palẹ̀. Àwọn àmì òpin tí Ó sọ ti ṣẹ, sà."

"Ó ti ṣẹ? Ìgbà wo lo rí I lórí àwọsánmà? Àbí Ṣómólú ló gbà kọjá, tó yà kí yín ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín?"

"Yóò padà wá, sà. Mo kàn ní kì í ṣe àwa la ó máa dá ọjọ́ fún Un."

"Dìde! Jáde nílé mi!"

Morọ́láyọ̀ sún síwájú. Ọdún mẹ́ta ìfẹ́, ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà lọ báyìí? Fọlọ́runṣọ́ dìde, ó yọ ìwé kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ọ̀gá mi ní kí ẹ buwọ́ lù ú kí n tó máa lọ, sà. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Púrúùfù kàlẹ́ńdà ìjọ ni, èyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ ló máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fọlọ́runṣọ́ fún títẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó rántí dá wọn dúró lọ́tẹ̀ yìí. Àwòrán Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ló wà láàárín. Lábẹ́ wọn, oṣù méjìlá ọdún 2000 tò lọ bẹẹrẹ.

Pásítọ̀ wo oṣù Kìíní, ó wo oṣù Kejìlá.

Morọ́láyọ̀ kò mọ ìgbà tóun mú báírò. Ó yí Sátidé kan po nínú oṣù Kẹrin.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ń retí ìgbátí. Báírò ni bàbá rẹ̀ gbà. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà títí.

"Ọjọ́ kejìlélógún? Ta ló ń gbéyàwó láàárín Ọjọ́ Ẹtì Rere àti Àjíǹde?" Ó fagi lé e, ó yí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n po, ó wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀.

"Bí Jésù bá dé ṣáájú," ó ní, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, "ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ óò bẹ̀ mí lọ́run."