Kúkù Orí Òkun Tí Kò Lè Lúwẹ̀ẹ́

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Festus Ọláníyan ti ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń wa epo rọ̀bì lórí òkun, kò sì sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó lè lúwẹ̀ẹ́. Orí ilé irin gàgàrà kan ló ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní rígì, tí wọ́n ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òkun níwájú ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ. Ọgọ́ta èèyàn ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, hẹlikópítà á gbé e wá sí Port Harcourt, á wọ mọ́tò wá sí Èkó, á sì lo ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú Títí ìyàwó rẹ̀ àti Lucy ọmọ wọn, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Lọ́dún 1992, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìwé dé láti ọ́fíìsì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa wọ hẹlikópítà lọ sórí òkun gbọ́dọ̀ yege ìdánwò inú omi. Wọ́n á so èèyàn mọ́ àga nínú àgò irin kan tó dà bí inú hẹlikópítà, wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á sì dojú rẹ̀ dé. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni yóò tú ara rẹ̀, tí yóò gba ojú fèrèsé jáde. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì ò ní padà sórí rígì mọ́.

Ìlú òkè ni wọ́n bí Ọláníyan sí, ní Èkìtì, níbi tí odò wọn kì í ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dojú àgò náà dé, tí omi gba imú rẹ̀ wọlé, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló fò lọ lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ó ta olùkọ́ tó fẹ́ yọ ọ́ nípàá, ó já gíláàsì ojú rẹ̀ bọ́. Wọ́n fà á jáde bí ewúrẹ́ tó kó sí kànga, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ kejì tó délé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láti àárọ̀.

"Bàbá Lucy, ẹ̀kọ yín ti tutù o," ni Títí wí. "Láti àná lẹ ti ń wolẹ̀. Ṣé kò sí?"

"Mo fìdí rẹmi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Títí jókòó tì í. Kò sọ pé á dáa, nítorí kò mọ̀ bóyá á dáa.

"Ṣé ẹ ò lè ríṣẹ́ kúkù níbòmíì?"

"Ní ìgboro yìí, tí àwọn tó kàwé gan-an ń rìn kiri?"

Alhaja Mùnírátù, onílé wọn, ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò sì sí èyí tí kò gbọ́. Ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé odò ìsàlẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Lucy, ṣé àìsàn ló ń ṣe ọ́ nínú omi ni àbí ẹ̀rù ló ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ni, Alhaja."

"Ìyẹn ò le. Odò yẹn ni bàbá mi ti ń pẹja, inú rẹ̀ la dàgbà sí. Lọ́la, tí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ ṣòkòtò péńpé kó o máa tẹ̀ lé mi."

Ọláníyan wojú ìyàwó rẹ̀.

"Kí lẹ ń wò mí fún? Ẹ tẹ̀ lé wọn jàre," ni Títí wí. "Èmi náà ń bọ̀."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alhaja ò jẹ́ kó kọjá ibi tí omi ti mu ún dé orúnkún. Ó ní kó jókòó, kó ki ojú bọ omi, kó lajú sílẹ̀, kó sì máa kà láti ení dé ẹẹ́wàá. Bí Ọláníyan ṣe ki ojú bọ omi ló yọrí kíá, ó ń wúkọ́.

"O ò tíì ka ení tán!" ni Alhaja wí. "Ó yá, padà."

Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ karùn-ún, ó ti lè ka ẹẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ń léfòó, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ajá. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́ níbẹ̀ gan-an?" ni Alhaja bi í.

"Ìgbà tí wọ́n bá dojú mi dé ni. Mi ò ní mọ ibi tí òkè wà mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja gbé àga onírin kan wá sódò, ó ní kí Títí mú ọ̀já tó fi pọn Lucy wá. Ó so Ọláníyan mọ́ àga náà ṣinṣin nínú omi.

"Fọwọ́ òsì di etí àga mú, ṣe bí ẹni pé etí fèrèsé ni. Má fi sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń yí ọ bí ẹni ń yí àgbá. Ọwọ́ yẹn ló máa sọ ibi tó o wà fún ọ. Ọ̀tún ni kó o fi tú ọ̀já."

Ó sì dojú rẹ̀ dé.

Ìròyìn ti gba àdúgbò kan nígbà yẹn pé wọ́n ń wẹ Ọláníyan lódò. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, alàgbà kan nínú ìjọ Áńgílíkà wọn, gbé Bíbélì há abíyá, ó wá wò ó. Ẹsẹ̀ méjì tó nà sókè nínú omi ló kọ́kọ́ rí.

"Sister Títí! Irú èṣù wo lẹ ń lé jáde báyìí?"

"Iṣẹ́ la ń wá, sà. Ẹ bá wa kà á, ẹ jọ̀ọ́!"

Ẹnu ya alàgbà, àmọ́ ó kà á. "Ení, èjì, ẹ̀ta…" Nígbà tó dé èje, Ọláníyan yọrí pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni alàgbà ń wá kà á, ohùn rẹ̀ sì ń dún ròkè bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ ìdánwò ní Port Harcourt, olùkọ́ ọjọ́sí ló tún dúró lẹ́bàá omi. Babárìndé lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ já gíláàsì mi, àbí?"

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá."

"Mi ò bínú. Ẹ ṣáà má tún ta mí nípàá."

Wọ́n dè é mọ́ àga, àgò náà sì rì. Bó ṣe dojú dé ni ọ̀tún di òsì. Omi gba imú wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù náà sì gbérí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà létí fèrèsé, kò fi í sílẹ̀. Ó ń kà á nínú ara rẹ̀. Bó ṣe ka ẹ̀ta, bẹ́líìtì tú. Nígbà tó fi máa ka ẹ̀fà, orí rẹ̀ ti wà níta, ó ń mí.

"Ẹ jáde wá," ni Babárìndé wí. "Ẹ ti yege."

Ọláníyan ò jáde. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, ó ń wo àjà.

"Bọ̀ọ̀dá kúkù, ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ ná."

Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé òun ti ń wa eyín pọ̀ láti ọjọ́ tí ìwé ti dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Títí rí i tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ lójúde. Kò lè béèrè. Ọláníyan mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Títí bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọlọ́run mi o! Kí lẹ wá ń rìn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ fún? Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

"Ó rẹ̀ mí ni."

Ẹ̀rín àti ẹkún ló pa pọ̀ gba ẹnu obìnrin náà jáde. Alhaja yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yege?"

"Ó yege, mà!"

"Alihamudulilahi. Ṣebí mo sọ pé kò le." Ó yára padà sínú yàrá, ó ń fi etí ìborùn nu ojú.

Ọláníyan jẹ ẹ̀bà, ó sì sùn lọ láìbọ́ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí i, alàgbà ló sì ṣáájú wọn, àmọ́ Títí ò jẹ́ kí wọ́n wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá tó bá dìrọ̀lẹ́. Ó ń sùn."

Kò tíì gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ hanrun láti nǹkan bí oṣù kan. Ó fa àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó jókòó, ó ń gbọ́ ọ.