Aṣọ Tí Wọn Ò Tíì Gé

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo bá ọmọ ọmọ mi, Adúmáadán, ní balùwẹ̀. Ó ki aṣọ ìnura bọ ẹnu, ó ń sunkún kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní rọ́bà ìdáàbòbò bẹ́ mọ́ òun àti àfẹ́sọ́nà òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Òun ra oògùn oníhóró kan tí kì í jẹ́ kí oyún dúró. Kóun tó jẹun tán kóun lè lò ó, ìyá òun ti rí i nínú báàgì.

"Ó wá gbà á?"

"Wọ́n ti da hóró inú ẹ̀ sí ṣaláńgá, Ìyá àgbà. Ìwé inú páálí ẹ̀ ní kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kéèyàn tó lò ó. Òní ló pé mẹ́ta."

Mo jókòó lé korobá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ aṣọ ibùsùn ní wọ́ọ̀dù obìnrin. Mo mọ aṣọ ẹni tó bímọ, mo mọ ti ẹni tó ṣẹ́yún. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń fọṣọ, ẹnì kan fún un ní àgbo ìṣẹ́yún mu ní kọ̀rọ̀. Èmi ni mo fọ aṣọ tó kú lé.

Mo bá ọmọ mi, ìyá Adúmáadán, nídìí máṣíìnì. Télọ̀ ni.

"Kí lo rí tí o fi da oògùn ọmọ nù?"

"Màámi, oògùn ìṣẹ́yún ni. Mo mú un lọ bi Dókítà."

Dókítà tó ń wí yìí, ọkùnrin tó ń ta oògùn ní ìkóríta ni. Ẹ̀wù funfun ló fi jọ dókítà. Alápatà pàápàá ń wọ ẹ̀wù funfun.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìpànìyàn ni, pé irú ẹ̀ ò lè wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Ó ní bí Adúmáadán ò bá rí nǹkan oṣù ẹ̀, kí n yọ́ mú un wá, òun ní oríṣi méjì tí wọ́n ń lò tẹ̀ léra, á fọ gbogbo ẹ̀ dànù."

"Aṣọ tí wọn ò tíì gé, ta ní ń tú u?"

"Kò sẹ́ni."

"Èyí tí o dà nù, ẹyin ló ń dá dúró kí oyún má wáyé. Bí oyún bá ti wà, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Oríṣi méjì tó fẹ́ tà fún ọ yẹn gan-an ló ń tú aṣọ tí wọ́n ti rán. Ẹni tó bá sì máa lò ó, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ ló ń lọ."

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Páálí oògùn náà tó ti ṣófo wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìwé inú rẹ̀. Èrò mẹ́rin wà níwájú káńtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ojú mi ò ríran. Ẹ bá mi ka ìwé yìí, kí ẹ sọ ọ́ lédè wa."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn wọ̀nyí lóhùn ná."

"Wọ́n á dúró."

Ó ń kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Kò lè... kò lè ṣẹ́ oyún tó ti wà."

"Ẹ gbé ohùn sókè. Nígbà tí ẹ pe ọmọ mi ní apànìyàn, ẹ ò pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."

Ìyàwó kan tó gbé ọmọ pọ̀n bá kọ ha. "Ìyá, ṣebí òun náà ló ta irú ẹ̀ fún mi lóṣù tó kọjá? Abẹ́ káńtà ló ti mú un."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú irú páálí náà kan jáde. Adúmáadán gbé e mì lójú gbogbo wa. Ìyá rẹ̀ ló di ife omi mú fún un.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan oṣù Adúmáadán dé. Ọmọ mi ti ń pe ọkùnrin náà ní Olóògùn báyìí. Èmi kì í pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá ń kọjá, òun ló ń kí mi.